Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ nínú Ìkòkò Alhaja

Àádọ́ta náírà ni korobá yanrìn kan ní Ketu nígbà tí mò ń sọ yìí, lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ra méjì. Èmi tí mò ń ta pòtétò ní Mile 12, kí ni mo fẹ́ fi yanrìn ṣe? Oúnjẹ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi.

Aunty Bísí, oníbàárà mi tó ń dáná fún àwọn olówó ní Anthony, ló kó mi sí i. Bàbá àgbà kan tí ìyàwó rẹ̀ kú kì í jẹ nǹkan kan mọ́ àfi ohun tí ìyàwó náà máa ń sè fún un: pòtétò àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tò léra sínú páànù, tí wọ́n da mílíìkì lé, tí wọ́n wá yan. Ààrò gáàsì Aunty Bísí sì ti bàjẹ́.

"Ẹ bá mi yan án nílé yín, màá fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Àbí pòtétò títà nìkan lẹ mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Mo ní, "Ẹ gbé ẹran wá."

Ẹni tí kò ní ààrò gáàsì, yanrìn ni ààrò rẹ̀. Ẹ dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kó gbóná dáadáa, ẹ gbé páànù lé e, ẹ dé e, ẹ kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Mo ṣa pòtétò tó ti gbẹ díẹ̀, nítorí tuntun máa ń lómi. Mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìkòkò mi kéré. Mo gbé ti Alhaja. A jọ ń gbé ilé kan náà, a jọ ní ìsọ̀ kan náà, òun ló sì gbọ́ Hausa tó fi ń bá àwọn onítírélà jà kí wọ́n má já pòtétò tó ti jẹrà fún mi. Ọdún mẹ́wàá, a kì í tọrọ ìkòkò lọ́wọ́ ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, á gbé e.

Alhaja wọlé. Òórùn dídùn ti gba gbogbo ilé.

"Ìyá Ṣẹ́gun, kí lò ń yan?"

Mo fẹ́ purọ́, ẹnu mi kọ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni, mà."

"Nínú ìkòkò mi?"

"Kò kan ìkòkò yín! Inú páànù ló wà, orí yanrìn ni páànù wà."

Ó ṣí ọmọrí. Ọ̀rá ti hó jáde, ó ti ta sí ara ìkòkò yíká.

"Èyí ńkọ́? Ọ̀rá pòtétò?"

Dípò kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi ni mo tún ń bínú. Mo ní a máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo ní ìkòkò lásán ni.

Alhaja ò pariwo. "Gbé e, tìẹ ni. Kó o tún wá ẹni tó máa bá ẹ sọ Hausa."

Lọ́jọ́ kejì, àpò mẹ́ta tí wọ́n já fún mi, omi ń sun lábẹ́ wọn. Alhaja ń ka àlùbọ́sà tiẹ̀, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo lọ gbowó ní Anthony. Bàbá ti jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí wọ́n ha ìdí páànù fóun. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò. Aunty Bísí bú sẹ́rìn-ín: "Ìkòkò lẹ wá ń tìtorí ẹ̀ lejú báyìí?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa," ni mo dá a lóhùn. "Láti òní lọ, pòtétò tó ti hù ni màá máa tà fún yín."

Ibẹ̀ ni mo gbà lọ ra ìkòkò tuntun lọ́dọ̀ àwọn oníkòkò. Mo dé ìsọ̀ wa, mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú Alhaja. Ó gbá a nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó fúyẹ́ ju tèmi lọ," ló wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí onítírélà, ó fi Hausa da èébú bò ó nítorí àwọn àpò mi.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wọlé, ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jáde lórí yanrìn àti ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fi oúnjẹ sísè ṣiṣẹ́ láyé mi, mo pàdánù ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.