Ọ̀lẹ Ni Òkú Inú Ìwé

Scholastique tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn kan ní Ifangni, ní ilẹ̀ Benin. Èmi ni mò ń ta oògùn ní fèrèsé tó dojú kọ yàrá rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Ó ga, ohùn rẹ̀ ń dún, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n bí ọmọ tilẹ̀ ń fi ìdí bọ̀ wáyé. Síbẹ̀, ìwé àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa ń kà. Kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ o. Ìwé ìtàn ni, irú èyí tí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún ti ń fẹ́ iwin, tí ọmọkùnrin tó ti kú láyé àwọn baba ńlá wa ti ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù.

Igolo, lẹ́nu ibodè, ló ti ń rà wọ́n. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí àpò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó máa ń jókòó sí. Èyí tó jẹ́ Faransé wà lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì tó ti Idiroko wọlé wà lápá kejì, Scholastique sì ń ka méjèèjì. Bó bá ti rí òṣùpá àti ọmọbìnrin tó da aṣọ dúdú bora lẹ́yìn ìwé, ó ti rà á nìyẹn. Mo sọ fún un títí pé ìwé ọmọdé lò ń kà yìí, ìwọ tó yẹ kó o ti máa gbọ́ ẹkún ọmọ tìrẹ. Ó ní kí n máa ta oògùn ibà mi.

Ẹ má wá rò pé ó gba gbogbo ohun tó wà nínú wọn gbọ́. Èèyàn tó ń bá ìwé jà bíi tirẹ̀, mi ò rí i rí. Bí kò bá ti sí aláboyún lórí bẹ́ǹṣì, á jáde wá sí fèrèsé mi, ìka rẹ̀ á wà láàrin ìwé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ máa ń rò ni pé ọ̀lẹ ni òkú àwọn òyìnbó. Òkú á padà wá sáyé, kò ní dáko, kò ní tajà, ojú fèrèsé ni á dúró sí tí á máa mí kanlẹ̀, tí á máa mi kọ́tíìnì. Ó ní kí n wo àkúdàáyà tiwa. Ẹni náà á kú ní ìlú rẹ̀, á dé ìlú mìíràn, á gba ṣọ́ọ̀bù, á fẹ́yàwó, á bímọ, á fi ọmọ sí iléèwé, títí di ọjọ́ tí ará ilé á kọjá níbẹ̀ tí á dá a mọ̀, tí òun náà á sì pòórá. Ó ní òkú tó gbọ́n nìyẹn.

Ó tún ní kò sí àgbà nínú àwọn ìwé yẹn. Ìyá ọmọ wà níbi iṣẹ́, ìyá ìyá rẹ̀ ti kú, aládùúgbò kò sí. Bí ọmọbìnrin kan bá gbé iwin pamọ́ sí yàrá ní Ifangni níbí, kí oòrùn tó wọ̀, ìyá Àbdùlàzéèzì tó ń ta gààrí á ti wọlé wá yá ìgbálẹ̀, á sì ti béèrè pé ọmọ ta nìyí, ṣé ó ti jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń bí i nínú jù ni pé àwọn ọmọbìnrin yẹn kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kò jẹun, kò sùn, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù, ọmọbìnrin á máa wò ó, á máa sunkún ìfẹ́. Scholastique á máa bá ìwé wí bí ẹni pé ó létí, pé kó bi í, àbí ẹnu ń dùn ún ni. Ó ní bí ọmọ náà bá béèrè ní ojú ìwé kẹwàá, ìwé á parí ní ìkọkànlá, gbogbo wa á sì lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo wá bi í lọ́jọ́ kan pé bó ti rí báyìí, kí ló dé tó fi ń kà wọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gbé aláboyún kan wá láti Ko-Koumolou lórí alùpùpù zẹ́mì, ọmọdé ni, kò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n ti pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, ó sì kú sí Scholastique lọ́wọ́.

"Mojọlá," ó ní, "àwọn tèmi, bí wọ́n bá ti lọ, wọn kì í dìde. Inú ìwé yìí nìkan ni wọ́n ti ń dìde."

Mi ò bá a jiyàn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé láti ọjọ́ náà, àyàfi tí mo bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tó yá ni Ìjádé dé. Káfíńtà ni, òun ni wọ́n pè wá kan bẹ́ǹṣì tuntun fún àwọn aláboyún. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí kíá, ó ń fà á nílẹ̀. Lónìí á ní òun fẹ́ fá pákó, lọ́la á ní òun fẹ́ kun ún, gbogbo wa sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ǹṣì ló ń wò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fi ọdún díẹ̀ ju Scholastique lọ, ó sì lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn òkú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyán. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Inú mi dùn sí wọn, mo ń wo irú aṣọ tí màá wọ̀.

Ohun kan ló dí ọ̀nà. Pọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n Scholastique tó jẹ́ olórí ilé wọn, ní òun kò ní fi àbúrò òun fún ẹni tí kò ní ará. Kí Ìjádé kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ìjádé ní ó dáa, Kétu ni wọ́n wà, òun á lọ pè wọ́n. Kò lọ. Ọdún yípo, kò lọ. Scholastique bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó dá a lójú pé ọkùnrin náà ní ìyàwó nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Sadatou yọjú. Aláṣọ ni, Kétu ló ti wá, ó ń lọ rajà ní Igolo, orí ń fọ́ ọ, ó sì yà ra oògùn lọ́wọ́ mi. Ìjádé gbé pákó sí èjìká, ó ń kọjá lọ. Sadatou wò ó. Ó tún un wò. Ó fi oògùn àti bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó sá wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ibẹ̀ ló ti sọ fún wa pé Ìjádé ọmọ Ọyakẹ́mi ti kú, pé omi òkun ló gbé e lọ lọ́nà Gabon, pé òun wà níbi ìsìnkú rẹ̀, òun sì jẹ nínú oúnjẹ ibẹ̀.

Ni ẹnu bá ṣí nílé ìwòsàn. Ẹnìkan rántí pé Ìjádé kì í kan pósí, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó. Ẹlòmíràn rántí pé kò sẹ́ni tó mọ ará rẹ̀ kankan. Èmi náà rántí pé ọwọ́ rẹ̀ tutù nígbà tó gba ṣéńjì lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ omi tútù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán. Àwọn aláboyún dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì tí òkú kàn. Kí a tó ṣíwọ́ iṣẹ́, Pọ́ọ̀lù ti ránṣẹ́ pé àbúrò òun kò gbọdọ̀ fẹ́ òkú.

Mo rò pé Scholastique á sunkún. Inú ló bí i. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń bú àwọn ọmọbìnrin inú ìwé, òun kò sì ní di ọ̀kan nínú wọn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó kọrí sí ìsọ̀ Ìjádé. Mo tẹ̀ lé e, mo sì dúró níbi tí mo ti lè sá. Látọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra, "ìwọ" ló ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, bóyá torí pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí òkú, ó bọ̀wọ̀ fún un.

"Ìjádé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti kú ni?"

Ìjádé gbé ayùn sílẹ̀. "Wọ́n sọ fún èmi náà bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ó wá jókòó sórí pákó, ó ròyìn. Ó fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon. Ibà dá a dúró lójú ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kan, ẹrù àti fóònù rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ sì rì. Òun kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ òun. Inú igbó tí kò ti sí réṣò fóònù ló ti ń gé igi, títí ó fi rí owó wọkọ̀ wálé. Ó sọ̀ ní Kétu, Jẹ́láàní ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, ó fò sílẹ̀ lórí alùpùpù, ó fi í sílẹ̀ bó ti ń dún, ó sì sá lọ. Ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò tì. Ẹnìkan pariwo láti inú ilé pé, Ìjádé, a ti sin ọ́, aṣọ rẹ ló wà nínú pósí, ọ̀gá rẹ ló kàn án, kí lo tún ń wá? Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù lẹ́yìn náà. Bó ti dárúkọ ara rẹ̀ ni ìpè já, nọ́ńbà náà kò sì wọlé mọ́ títí dòní.

"Ìyá mi ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru," ó ní. "Bí Jẹ́láàní bá lè sá báyẹn, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí òun? Mo bẹ̀rù pé ojú mi ló máa pa á. Mo bá yí padà."

Scholastique di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bó ti máa ń di ti aláboyún mú, ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Omi wà lójú Scholastique. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òkú tó ń bẹ̀rù kí ìyá rẹ̀ má bàa kú, òun kò tíì kà á nínú ìwé kankan.

"Bon, ó dáa," ó ní. "Donc, ó yá, à ń lọ sí Kétu."

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. Àwa mẹ́ta ni, torí Scholastique ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí. A gba Sákété, a gba Pobẹ̀, Ìjádé kò sọ̀rọ̀, ó fa fìlà bo ojú. Scholastique ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Òun á kọ́kọ́ wọlé, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, á fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ sínú báàgì. Ètò náà dára gan-an, ṣùgbọ́n alákàrà tó wà lẹ́nu àdúgbò gbójú sókè, ó sì mọ Ìjádé lábẹ́ fìlà. Igbe tó ké kó gbogbo ilé jáde, ohun tí wọ́n rí sì tún lé wọn padà. Àkàrà ń jó nínú epo, kò sẹ́ni tó dúró yọ ọ́. Èmi alára ti padà dé ẹ̀gbẹ́ takisí tó gbé wa wá.

Ariwo yẹn ló mú Ọyakẹ́mi, ìyá Ìjádé, jáde. Màmá kékeré kan ni, ó mú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ìjádé dúró gan-an sójú kan, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Scholastique sáré lọ bá màmá pẹ̀lú ẹ̀rọ, màmá fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù," Ìjádé ní. "Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Bí o bá ti kú, wọlé. Bí o bá wà láàyè, wọlé. Èmi ṣáà ni mo bí ọ."

Ìjádé dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Màmá fọwọ́ gbá a lórí mú, ó ń fa etí rẹ̀ méjèèjì wò. Aládùúgbò kan kígbe láti ẹ̀yìn ògiri pé kó má fọwọ́ kàn án, á pòórá. Màmá dá a lóhùn pé kó jẹun ná kó tó pòórá.

Ó wá yíjú sí Scholastique tó kúnlẹ̀ síbẹ̀ tòun ti ẹ̀rọ.

"Ìwọ ńkọ́, ṣé alààyè ni ọ́?"

"Alààyè ni mí, Màmá."

"Ta ni olórí ilé yín?"

"Pọ́ọ̀lù ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ifangni ló wà."

"Sọ fún un pé ìyá Ìjádé ń bọ̀ wá kí i."

Scholastique tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ kàn forí kanlẹ̀ níwájú màmá. Èmi ni mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí, tí mo lọ kúnlẹ̀ tì í, tí mo sì bá a dáhùn pé a ti gbọ́, Màmá, a ó sọ fún un.