Wọ́n ti gé òdòdó tí mo fi ń ṣe jẹ́lì fún Mummy

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti sú mi lónìí.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá Mummy dùbúlẹ̀, jẹ́lì tí mò ń fi òdòdó dandelion sè nìkan ni wọ́n ń jẹ. Òdòdó yẹ́lò kékeré yẹn tó máa ń yọ nígbà tí òtútù bá ń lọ. Ẹ̀yìn estate wa ní Peckham, ní London níbí, ni mo ti ń já a. Màá fi ṣúgà àti lẹ́mọ́ọ̀nù sè é, màá jẹ́ kó dì.

Àná ni jẹ́lì tó wà nílé tán. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ òní láti já òmíràn, Uncle kan tó ń gé koríko estate ti fi ẹ̀rọ gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ò ṣẹ́ òdòdó kankan kù ni?"

Wọ́n ní, "Aunty, koríko lásán ni. Á tún hù."

Ìgbà wo?

Mo gbé ẹ̀kọ tọ Mummy lọ dípò jẹ́lì. Wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ọmọ mi, má dààmú ara ẹ mọ́. Ó ti tó."

Mo lọ sunkún ní kíṣìnì.

Ẹ̀yin ará Brockley, Kennington, Bermondsey, ṣé òdòdó yẹn ṣì wà lẹ́yìnkùlé yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Mo ti wọ bàtà, màá wá já a.