Ìkòkò Tí Wọ́n Fi Apá Ọkọ̀ Òfurufú Dà

Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìlú wa, Pobè, ló mọ̀ pé mo máa ń parọ́, èmi náà ò sì jiyàn. Èmi ni mo sọ pé mo rí ejò kan ní Igana tó gùn débi pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nírù láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni orí rẹ̀ tó mọ̀. Wọ́n gba ìyẹn gbọ́. Pé mo ṣiṣẹ́ rí nílùú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, tó jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, òun ni wọn ò gbà.

Tiwọn ò dùn mí. Ti ìyàwó mi ló dùn mí. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, ẹnìkan wá sọ fún un pé Èkó ni mo jókòó sí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń din àkàrà. Mo ti dé tipẹ́, orí àwa méjèèjì ti funfun, kò sì bá mi jà rí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, á kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ alákàrà," á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ l'Ékòó, ilẹ̀ ni mo sì ń gbá ní uzíìnì, ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú náà. Tíṣà ti fi pàṣán lé mi kúrò ní lekọ́ọ̀lù kí ìwé tó wọ̀ mí lára, nítorí náà etí ni mo fi ń kàwé. Bàbá òyìnbó kan tá a jọ ń jẹun ọ̀sán ló sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni bàbá bàbá òun ń kàn nílùú náà. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, igi ni wọ́n fi kan òun náà. Àwọn obìnrin á rán aṣọ bò ó bí ẹni ń rán bùbá, wọ́n á sì kùn ún lọ́dà kó le. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bọ́ sórí alumí, irin funfun fífúyẹ́ tá a fi ń ṣe ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni ogun dé, alumí wá di ọ̀wọ́n. Ìjọba ní káwọn ìyá ilé kó ìkòkò wọn wá, káwọn yọ́ ọ ṣe ọkọ̀ òfurufú ogun. Ìyá rẹ̀ kó gbogbo tirẹ̀ jáde, ó ku kẹ́tùlù kan.

Apá ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ń ràn ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, òjò á máa rọ̀ ní ìkejì. Agboòrùn ni mo máa ń mú dání bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó dáa, kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gùn.

Níkẹyìn, iṣẹ́ ṣí lọ síbòmíràn. Wọ́n wó uzíìnì, wọ́n kọ́ ilé gbígbé sójú rẹ̀. Lọ́jọ́ tá à ń tú ká, bàbá yẹn gé alumí kan fún mi lára apá ọkọ̀ tí wọn ò parí, ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí mi nìyẹn. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi wò ó, ó fi bo ìkòkò omi.

Níhìn-ín, bí ìkòkò ọbẹ̀ bá lu, a ó kó alumí àlòkù jọ, a ó gbé e fún ẹni tó ń yọ́ ọ, tó ń dà á sínú iyanrìn kó di ìkòkò mìíràn. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo ti oko dé, mo rí i pé ẹnu ìkòkò omi wà ní ṣíṣí.

"Ìyá, ìdérí omi dà?"

"Mo ti kó o mọ́ àwọn àlòkù lọ sí Sakété. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ìkòkò wa ti lu."

Mi ò bọ́ aṣọ oko tí mo fi gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò. Gbogbo kòtò ojú títì ló gba ìbàdí mi kọjá. Nígbà tí mo fi máa dé, ọ̀gá adakòkò ti ń gbọn iyanrìn kúrò lára ìkòkò kan.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni irin oníṣòó yẹn? Ó bá mi jà o. Mo yọ́ ọ lọ́tọ̀ torí ó dán, bó ṣe tutù, ìdí ẹ̀ là. Mo tún un dà, ó tún là. Alumí ìkòkò kì í ṣe báyìí. Níbo lẹ ti rí i?"

"Lára ọkọ̀ òfurufú."

"Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn. Mo ti gbọ́ ti ejò yín."

Mo gbé ìkòkò náà lé itan padà sílé. Kò sí ìṣó lára rẹ̀ mọ́, kò sí ohunkóhun tí mo lè fi han ẹnikẹ́ni. Mo sọ ohun tí adakòkò wí fún ìyàwó mi bó ṣe wí i, mi ò fi iyọ̀ sí i. Kò sí agbára ìyẹn lára mi. Ó bu omi sínú ìkòkò. Omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ó ń wò ó, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Àwọn obìnrin yẹn," ó ní, "àwọn tí wọ́n gba ìkòkò wọn nígbà ogun. Ṣé wọ́n dá a padà fún wọn?"

Mi ò mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá.

"Wọn ò dá a padà."

Ó da omi náà nù, ó fi etí ìró nù ún gbẹ, ó bu gàrí sínú rẹ̀ títí ó fi kún.

"Gàrí kì í jò," ó ní. "Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sinmi."

Mo jókòó. Mo ń dúró kó fi ọkọ alákàrà kún un. Kò fi kún un.