Wọ́n Ti Onílẹ̀kùn Mọ́ta

Onílẹ̀kùn, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ṣì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìnagijẹ ni orúkọ yẹn. Òun ló ń ṣí àkáǹtì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ inú ètò kọ̀ǹpútà tí fáìlì àwọn aláìsàn wà. Ẹni tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ á jókòó síwájú rẹ̀, á gbọ́ ìwàásù kó tó rí òmíràn gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù tuntun fún un. Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ètò kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó kọ̀. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ètò á tì í mọ́ta; ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Kò sì sí ẹlòmíràn tó láṣẹ láti ṣí i fún un.

Ọ̀gá wọn, obìnrin tí kì í pariwo, yọjú. "Dókítà tuntun ń dúró de àkáǹtì. Tó bá fi dọ̀sán tí kò ṣeé ṣe, àwọn tó ta ètò yìí fún wa ni màá gbé iṣẹ́ náà fún o."

Ìyá Ìbejì tó ń gba àlejò ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ìwàásù Onílẹ̀kùn ti sú u tipẹ́. "Bàbá, ẹ̀yin náà gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, Ìyá Ìbejì! Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

"Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà ni ò mọ ọwọ́ yín. Ẹ kúkú lọ gbé kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ wá, èyí tí bọ́tìnnì eéje rẹ̀ ti kú yẹn."

Onílẹ̀kùn tẹjú mọ́ bọ́tìnnì eéje lórí kíbọ́ọ̀dù tuntun. Eéje wà nínú páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tó ṣe é lórí kíbọ́ọ̀dù àtijọ́, ó tẹ eéje, eéje ò wọlé, àmì róbótó tó ń bo ohun téèyàn ń tẹ̀ ò sì jẹ́ kó mọ̀. Látìgbà náà ló ti ń tẹ ohun tí kò sí ńbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tuntun ń gba eéje wọlé, ìdí nìyẹn tí ètò fi ń kọ̀.

Ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó fo eéje, ó di èémí mú. Ètò ṣí.

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa!"

"Panu ẹ mọ́ jàre," ló wí, àmọ́ òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. Kó tó dọ̀sán, dókítà tuntun ti ní àkáǹtì.

Ọ̀gá ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ní kó yan ẹnì kejì tí yóò ní irú àṣẹ tirẹ̀. Ìyá Ìbejì ló yàn. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, lẹ́yìn tí aláìsàn tó kẹ́yìn bá lọ, wọn yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.