Gbólóhùn Tí Mo Yọ Nínú Lẹ́tà Ìyá Onígò

Èmi Ọdẹ́tọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo máa ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ilé wa ní Ìdímù. Ọwọ́ mi dára, mo sì mọ̀ pé ó dára. Bí ẹnì kan bá ní kí n kọ ọ́ pé "mo kí ẹ ṣá," "mo fi tayọ̀tayọ̀ kí ọ" ni màá kọ sílẹ̀. Ìgbéraga mi nìyẹn, òun ló sì kó bá mi lórí ọ̀rọ̀ Mọ̀dínátù.

Sìkírátù, ìyá Mọ̀dínátù, jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, opó ni, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ìgò òfìfo ló ń rà kiri láti Ìdímù dé Òkè-Odò. Á fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ilé, á yẹ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti kán, kó tó kó wọn lọ fún àwọn elépo àti àwọn alágbo. Ní kékeré, Mọ̀dínátù a máa ru tirẹ̀ tẹ̀ lé e, wọn á jọ máa kọrin bọ̀. Ìgò yìí náà ló rán an dé yunifásítì.

Lọ́dún 1991, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jọ wà níléèwé wá kí i. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, bàsíà ìgò lórí, eruku dé orúnkún. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé ta nìyẹn. Mọ̀dínátù ní, "Onígò àdúgbò wa ni."

Sìkírátù gbọ́. Ó kí wọn bí àlejò ṣe ń kí onílé, ó ní ṣé wọ́n ní ìgò tí wọn ò lò mọ́. Ọmọ rẹ̀ ní rárá. Ó bá yí padà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò sì wọlé títí àwọn ọmọ náà fi lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lórí àga mi, mo ń ka ìwé ìròyìn, mi ò sọ nǹkan kan. Ìyá àti ọmọ náà ò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléèwé rán Mọ̀dínátù lọ sí Jámánì fún oṣù mẹ́fà, kó lọ ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ tó ń kó ohun táráyé ti jù nù jọ láti fi ṣe tuntun. Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní ìgò lòun ń ṣà látàárọ̀ dalẹ́, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, pé àwọn olówó ibẹ̀ ń fọwọ́ ara wọn gbé ìgò wọn wá, ojú ò sì tì wọ́n. Mo kà á fún Sìkírátù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ sọ fún un kó máa wo ẹnu ìgò dáadáa kó tó dì í mú o. Ìgò òyìnbó náà ń géèyàn o."

Lójú tèmi, irú ọ̀rọ̀ yẹn ò yẹ lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun. Mo kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lájò. Nígbà tí mo kà á padà fún un, ó ṣe àmín, kò bèèrè gbólóhùn tirẹ̀. Bóyá ó rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé nìyẹn.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó ṣubú sídìí ìgò tó ń fọ̀. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wọn ti wí. Múdàṣírù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó gbogbo wa jọ, ó ní Mọ̀dínátù ò gbọdọ̀ gbọ́ títí yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Bó bá gbọ́ ọ láàárín àjèjì, ta ni yóò dì í mú? Ó ní kí n máa fèsì lẹ́tà bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì gbà.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni lẹ́tà kejì dé. "Màmá," ó kọ ọ́, "iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe níbí, mo sì ń fi yangàn. Ẹ foríjì mí nítorí ọjọ́ yẹn. Bí ẹ ò bá fèsì, ọkàn mi ò ní balẹ̀."

Mo sunkún nídìí lẹ́tà yẹn. Lẹ́yìn náà mo mú bírò, mo kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, mo ti foríjì ọ́ pátápátá."

Ó dé nínú oṣù Kejìlá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ aláwọ tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣa ìgò lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún. Múdàṣírù ló sọ fún un, àwọn obìnrin ilé sì dì í mú bí a ti pinnu. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ó ti bèèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ó sì ti wo ọjọ́ tí mo kọ sórí ìwé.

Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ta ló foríjì mí?"

Mo ní èmi ni. Mi ò lè gbójú sókè. Mo wá jẹ́wọ́ gbólóhùn tí mo yọ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ fún un, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu ìyá rẹ̀ jáde. Ó wá la ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú mi. Àpá gígùn kan wà níbẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò dé àárín àtẹ́lẹwọ́. Ó ní ìgò ló gé òun, lẹ́yìn tí lẹ́tà mi àkọ́kọ́ ti dé ọwọ́ òun.

Ó fa àga mi sún mọ́ tábìlì, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ọ́ fún òun, bí ìyá òun ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo kọ ọ́, títí kan "o" tó gbẹ̀yìn rẹ̀.