Igi Ìdáná Kan Ṣoṣo

Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan ló máa ń jí mi ní agbo ilé wa ní Ifangni. Èéfín á kọ́kọ́ ta mí lójú, lẹ́yìn náà ni òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ á wọlé, itọ́ á sì kún ẹnu mi lórí ẹní.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lẹ́bàá bodè ò ní gbàgbé abà gààrí. Ààrò kan ni gbogbo obìnrin agbo ilé ń lò, òfin rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: bí ẹ̀gẹ́ rẹ bá ṣe pọ̀ tó ni igi tí wàá gbé wá. Ìyá Ráfíà, opó tí kì í ní ju abọ́ ẹ̀gẹ́ kan lọ, á mú igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ dání. Ìyálé màmá mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ní Igolo, á ru odidi ìdì. Kò sí ẹni tó ń jiyàn. “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbà ò wọ kèrègbè,” ni màmá mi máa ń wí.

Ìdìbò wá dé. Olùdíje kan ní òun yóò mú owó ọjà kúrò lórí àwọn alátẹ, àwọn ọlọ́kọ̀ ni yóò máa san án. Inú màmá mi tó ń pàtẹ gààrí lọ́jà dùn, torí pé bó tà bí kò tà, agbowó á dúró tì í. Bàbá mi, tó ń ru ẹrù sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé bí owó orí ọkọ̀ bá lọ sókè, òun á dín alágbàrù kù. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, òun ló ra àpò ìwé mi. Àmọ́ láàárín àtẹ màmá àti èjìká bàbá ni ilé ìwé mi wà, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Olùdíje kejì wá sí abà wa fúnra rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń ju gààrí gbígbóná sẹ́nu, ó ní: “Ẹ̀yin ìyá wa, kò sí ojúsàájú lọ́dọ̀ tèmi. Iye kan náà ni olówó àti tálákà yóò máa san.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, màmá mi náà pa tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyálé màmá mi kó òkìtì ẹ̀gẹ́ dé, igi kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́.

“Ìyálé mi, igi tó kù ńkọ́?” ni màmá mi bi í.

“Dakọ́ọ̀, mo gbọ́, Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣebí a jọ pàtẹ́wọ́ lánàá? Iye kan náà la ó máa san. Tèmi rèé.”

Gbogbo abà bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò padà lọ gbé igi. Kó tó yan ìdajì ẹ̀gẹ́ rẹ̀, iná ti ń kú. Ẹ̀gẹ́ Ìyá Ráfíà ṣì wà nílẹ̀ ní tútù, igi rẹ̀ sì ti jóná tán sábẹ́ gààrí ẹlòmíràn. Obìnrin náà kàn ń wo eérú. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sunkún.

Ojú ti ìyálé. Ó lọ gbé odidi ìdì igi wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ti Ìyá Ráfíà. Màmá mi ò bínú sí i. “Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní,” ló wí, ó sì ń bá a koná.

Olùdíje àkọ́kọ́ ló wọlé. Owó ọjà kúrò lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ṣe bó ti wí, bàbá mi sì wà lára àwọn tó dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí ìyálé fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó gbà á padà. Owó tí màmá mi kò san fún agbowó mọ́ ló mú mi dúró nílé ìwé.

Lónìí, èmi náà ti di ọlọ́kọ̀ ní Igolo. Ìdìbò tún ń bọ̀. Láàárọ̀ yìí, olùdíje kan sọ lórí rédíò pé iye kan náà ni gbogbo wa yóò máa san. Mo rò ó wò, mo rí i pé yóò rọ̀ mí lọ́rùn gan-an, ọwọ́ mi méjèèjì sì ti gbéra láti pàtẹ́wọ́ kí n tó rántí eérú tí Ìyá Ráfíà ń wò. Ọmọ tó sunkún ní abà lọ́jọ́ náà kò ní nǹkan kan láyé, ó sì mọ ẹni tí igi rẹ̀ jóná. Èmi tí mo ti ní ni mo fẹ́ gbàgbé.