Àdúrà Tí Mo Fi Ṣe Tímútébù

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tímútébù yọ àwọn olùkọ́ lẹ́nu kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ṣe igbákejì ọ̀gá, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ ìgbà tí iṣẹ́ òun bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fọ́nnu nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa to ètò iṣẹ́ fún ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan níbí ní Ẹdẹ. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ aláìsàn níbẹ̀, wọn kì í sì í sanwó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la yọ̀ǹda ara wa: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bíi mélòó kan, télọ̀ kan tó ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, àti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a ń pè ní Mátíròn. Ọwọ́ Mátíròn ti ń gbọ̀n, wọn ò lè wẹ egbò mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò gbọ̀n rárá.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ya tímútébù sórí páálí ńlá, mo fi bírò pupa àti búlúù kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n ní Wásáàpù layé wà báyìí, mo ní ó dáa. Mo fi ètò ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ sójú òpó wa, ṣùgbọ́n èèyàn tí wọ́n kọ́ nílé ò lè ṣàdédé máa pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ kùtù, nítorí náà mo kọ́kọ́ fi àdúrà ṣíde: "Ọlọ́run á jẹ́ ká jí ire o, a ò ní rí ogun àìsàn." Lẹ́yìn náà ni mo to orúkọ àti ọjọ́ sísàlẹ̀. Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀, Àmín ti ń rọ́ wọlé. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti gbà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìyá arúgbó kan gun ọ̀kadà wá láti Alajue. Àtọ̀gbẹ ló ń bá wọn fínra, egbò kan sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ti sọ pé bí ẹnì kankan ò bá ń wẹ egbò náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gígé ni ẹsẹ̀ ọ̀hún máa gbà. Ìyá yìí ṣì ń lọ sóko ẹ̀gẹ́ wọn. "Bí ẹ bá máa gé e," wọ́n ní, "ẹ kúkú gbẹ́ sàréè mi lọ́jọ́ kan náà."

Ẹni mẹ́ta ló wà lórí ètò lọ́jọ́ yẹn. Kò sí èyí tó yọjú. Mátíròn ti lọ sí ìkómọ kan ní Awo. Èmi àti ìyá nìkan la wà níbẹ̀, mo sì ń pe fóònù kiri. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló padà gbé e.

"Ẹ má bínú sà. Àdúrà yẹn ni mo kà. Mi ò kà dé ìsàlẹ̀."

"O ò kà dé ìsàlẹ̀, o sì ṣe Àmín!"

"Àdúrà ni sà. Ṣé kí n má ṣe Àmín ni?"

Mo pe àwọn yòókù títí owó orí fóònù mi fi tán. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ìyá dìde, wọ́n tiro lọ wá ọ̀kadà. Orí mi gbóná. Mo délé, mo ra káàdì, mo kọ ọ́ sójú òpó: "Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ kí ìyá arúgbó gbé egbò padà sílé, Ọlọ́run á bi yín léèrè!" Ẹni mẹ́rin ló ṣe Àmín.

Mo bínú títí, mo wá bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí Àmín ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n á ṣe é dáadáa. Nígbà tí ìyá tún wá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàdúrà kan fún mi, mo sì gba ohùn wọn sórí fóònù: "Ẹni tó máa wá wẹ ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò ní rin ìrìn òfò láyé. Bó bá ń ṣe ìdánwò, á yege. Bó bá ń wá ọkọ, ọkọ á wá a délé." Mo fi ránṣẹ́, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe Àmín ló ni àdúrà, òun náà ló ni iṣẹ́.

Ojú òpó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, àwọn èèyàn yìí ń gbọ́ àdúrà dé òpin. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sáré ṣe Àmín, mi ò bi í bóyá ti ìdánwò ni tàbí ti ọkọ. Télọ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ó sì fa ìjà yọ pé òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fi òun ṣeré. Mo fún un ní Túsìdeè kí ilé lè rójú. Kí oṣù tó parí, ẹni tí kò bá ní lè wá á pe ẹlòmíì pé kó jọ̀ọ́ kó wá gba àdúrà òun. Ìyá náà kò sì fi ṣeré. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ bàjẹ́, ẹ̀rọ á wọ inú àdúrà.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò wá dé. Télọ̀ rìnrìn àjò. Àdúrà Túsìdeè lo ọjọ́ méjì lójú òpó, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó, mo ń kọ nǹkan sínú ìwé mi, nígbà tí ìyá fẹ́ máa lọ.

"Ọmọ mi, ọwọ́ tó ń kọ̀wé yìí ló máa wẹ ẹsẹ̀ mi ní Túsìdeè. Àìsàn ò ní mọ ilé ẹ."

"Àmín o, ìyá," mo ní. Mi ò gbórí sókè.

Mátíròn pàtẹ́wọ́. "Ó ti ṣe é! Etí mi ló ṣe! Tíṣà, ìwọ lo ni Túsìdeè!"

Òun àti ìyá ti jọ gbìmọ̀ pọ̀.

Kí n sọ òótọ́: ẹ̀rù egbò máa ń bà mí. Nínú gbogbo oṣù tí ìyá ti ń wá, mi ò wo ẹsẹ̀ wọn rí. Nígbà tí Túsìdeè dé, Mátíròn jókòó sórí àpótí, wọ́n ń júwe fún mi. "Fọwọ́. Wọ ìbọ̀wọ́. Rẹ òwú sínú omi iyọ̀. Máa wẹ̀ ẹ́ láti inú bọ̀ síta. Lajú, Tíṣà, àdúrà kọ́ lò ń gbà." Mo lajú. Egbò náà kò ju ìdérí ìgò lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí mo fi wẹ̀ ẹ́ tán.

Ìyá ń wo ọwọ́ mi. "Ọmọ mi," wọ́n ní, ohùn wọn ò le rárá, "ọjọ́ tí ẹnì kankan ò wá yẹn, ìwọ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀. Òwú àti omi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. O tiẹ̀ lè pe Mátíròn lórí fóònù kí wọ́n máa júwe fún ẹ. Àwọn tí kò wá lò ń pè."

Ojú tì mí débi pé mo di báńdéèjì náà lódì, mo tú u, mo tún un dì.

Kò sẹ́ni tó gé ẹsẹ̀ náà. Ó jinná, ìyá sì padà sóko. Àwọn èèyàn ṣì máa ń yìn mí fún ọgbọ́n tí mo fi to iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì sọ ohun tí ìyá bá mi sọ lọ́jọ́ náà fún ẹnì kankan nínú wọn.